Ọtí tó pẹ́ kọ́ ni ọtí tó gbó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tí olùtumọ̀ kan nínú wa gbé wá lọ́jọ́ Ajé kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó tọ́ wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà wò, tó sì fún un ní máàkì 87 nínú 100. Ó wá fẹ́ mọ ohun tí a ó máa fi Yorùbá pe wisikí tí wọ́n kọ ọdún 10 sí lára. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ títí di àná: "ọtí tó pẹ́", "ọtí àgbà" àti "ọtí tó gbó". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ìkẹta yẹn kò bójú mu, pé aṣọ ló ń gbó kí a tó fi nu ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìkẹta yẹn gan-an ni mo fara mọ́.

"Ọtí tó pẹ́" ló lè ṣini lọ́nà jù. Bàbá mi ra ìgò bọ́bọ̀nù kan, irú wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ní 1989, ọdún 8 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, ó ní ọjọ́ tí àkọ́bí òun bá gbéyàwó la ó ṣí i. Ó di 2019. Kọ́ọ̀kì ti gbẹ, ó rún sínú ìgò, asẹ́ ìyá mi la fi sẹ́ ọtí náà kó tó ṣeé mu. Àbúrò bàbá mi gbé ife tirẹ̀ sókè, ó ní, "Ọtí ọdún 38 rèé!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọtí ọdún 8 náà ni. Ọdún 30 tó lò nínú ìgò pẹ́ lóòótọ́, kò fi kún un.

Inú àgbá ni iṣẹ́ wà. Òfin Amẹ́ríkà ní ó kéré tán, ìpín 51 nínú 100 ọkà tí wọ́n fi pọn bọ́bọ̀nù gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo, àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ dúdú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Bó ṣe ń wọ àgbá, ó mọ́ bí ògógóró. Ooru Kentucky, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń pọn bọ́bọ̀nù jù ní Amẹ́ríkà, á tì í wọ inú igi, òtútù á fà á jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe lọ́dọọdún títí tí yóò fi pọ́n, tí yóò máa rùn bíi ṣúgà tó jó díẹ̀. Ọdún inú àgbá nìkan ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá sì po oríṣiríṣi àgbá pọ̀, ọdún èyí tó kéré jù ni wọn yóò kọ sára ìgò.

"Ọtí àgbà" ńkọ́? Ó dùn gbọ́, àmọ́ ó ń fi yé èèyàn pé bí ọdún bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọtí ń dára sí i. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo ti tọ́ èyí tó lé ní ọdún 20 wò rí nílé ọ̀rẹ́ kan ní Houston. Igi ti borí adùn pátápátá, ẹnu mi gbẹ, ó korò bí ẹni ń rún pákò láàárọ̀. Máàkì 70 ni mo fún un, owó rẹ̀ kò sì kéré rárá.

Ibi tí "gbó" ti wá ṣiṣẹ́ nìyẹn. Iṣu gbó, a yìn ín. Àgbàdo gbó, a fi ṣe ògì. Àgbà ń ṣàdúrà fún ọmọ pé, "Wàá gbó, wàá tọ́." Ẹni tó ń ṣépè fún ọmọ kọ́ nìyẹn! Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá náà kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ó tún là á yéni sí i ni: ọtí tó gbó dáa, èyí tó gbó jù ti di àkísà. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo gba méjèèjì. Nítorí náà, àbá mi ni "wisikí agbólágbàá", èyí tó gbó nínú àgbá. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rò pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti gbó.

Ohun méjì kù. Olùtumọ̀ wa pe ọtí tó ń dínkù nínú àgbá ní "ìpín áńgẹ́lì", bí àwọn Òyìnbó ṣe ń pè é. Èmi ò rí ohun tí áńgẹ́lì ń wá níbẹ̀. Bí omi ìkòkò bá dínkù, a ní ó fà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àfàlọ".

Èkejì ni adùn tó ń kù lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé ọtí mì, tó pè ní "ìparí". Ìparí kọ́, ohun tí kò tíì parí ni! Mo dábàá "àkùlọ́fun". Ibẹ̀ gan-an ni "pẹ́" ti wúlò: "Wisikí agbólágbàá ọdún 10 ni, kò korò, àkùlọ́fun rẹ̀ pẹ́."

Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń pọn ògógóró lápá Ìlàjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n ohun tí àwọn ń pe adùn yẹn. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ fún un, tiwọn ni ká lò, kí tèmi yẹ̀ fún un.