Ilé kún fún èrò, níbo ni kí n ti máa lo oògùn mi?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo fi orúkọ pamọ́. Abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni mo wà. Nínú oyún àkọ́bí mi ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tí wọ́n bá kòkòrò HIV níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn, hóró kan lójúmọ́, ọmọ náà kò sì ní in. Ọkọ mi kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi ni wàhálà báyìí, torí bí oyún kejì yìí ṣe dé ni wọ́n kó wọ yàrá mi pé àwọn fẹ́ tọ́jú mi. Alẹ́ ni mo máa ń lò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kan ike oògùn náà, ṣaka-ṣaka ni. Bí Màmá bá ti jí, ó di ọ̀la nìyẹn, ó sì ti ń di lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ ọsibítù, ọjà ni mo máa ń ní mò ń lọ. Ta ló ń lọ ọjà lọ́jọ́ tí wọn kì í ná ọjà? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Sọ fún ọkọ rẹ. Ó sàn kó gbọ́ lẹ́nu rẹ ju kó gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà lọ.

Àbẹ̀kẹ́: Ìyá, ẹ rọra. Lọ́jọ́ tí àbúrò ìyá mi sọ tirẹ̀ ni wọ́n lé e jáde tòun tọmọ lọ́wọ́. Arábìnrin yìí ló mọ irú ọkọ tó fẹ́.

Alágbo: Àgbo kan wà tó ń fọ kòkòrò yẹn dànù pátápátá. Ẹ kàn sí mi.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ gbé e kọjá, bàbá, kò sí àgbo tó ń fọ kòkòrò HIV dànù. Aboyún lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Oko: Arábìnrin, ta ló ní alẹ́ nìkan ni? Oògùn HIV àtijọ́ tó ń jẹ́ efavirenz, tí òòyì rẹ̀ máa ń kọ́ èèyàn, la máa ń ní kí wọ́n lò bí wọ́n bá fẹ́ sùn. TLD tí wọ́n sábà ń fún yín báyìí (tenofovir, lamivudine àti dolutegravir nínú hóró kan) kò mọ àárọ̀, kò mọ alẹ́, ebi tàbí àyó. Wá àkókò tí o máa ń dá wà, bóyá nígbà tí o bá lọ pọnmi, kí o sì dúró lórí àkókò yẹn. Bí o bá gbàgbé, lò ó bí o bá ti rántí, àmọ́ má lo méjì láti fi dí èyí tó fò.

Fi òwú sínú ike náà, kò ní dún mọ́. Bí àkọlé rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà ọ́, bó o kúrò, ṣùgbọ́n má da oògùn sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin á bà á jẹ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) tí wọ́n ń fún aboyún máa ń dí dolutegravir lọ́wọ́. Lo TLD ní wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lo méjèèjì pọ̀, oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Sọ fún wọn ní ọsibítù pé o ti ń fo oògùn, kí wọ́n lè yẹ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Wọ́n máa ń ka hóró tó ṣẹ́kù nínú ike; má da á nù kí kíkà lè bára mu. A mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe é! Láìsí ìtọ́jú, nínú ọmọ 100, 15 sí 45 ló ń kó o lára ìyá. Pẹ̀lú ìtọ́jú, kì í tó 5. Kí wọ́n máa fún ọ ní oògùn lọ́jọ́ àyẹ̀wò oyún. Ta ni yóò bi aboyún pé níbo ló ń lọ?

Ìyá Ìbejì: Èmi náà ń lò ó. Nọ́ọ̀sì ló bá mi pe ọkọ mi fún àyẹ̀wò ọkọ àti aya, níwájú rẹ̀ la ti sọ ọ́. Ọkọ mi kò ní in títí dòní. Bí àyẹ̀wò kò bá ti rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, èèyàn kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Fífo oògùn yẹn ló lè ba èyí jẹ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ aboyún níbí, èmi á bá wọn sọ ọ́. Ti ọkọ mi, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ jẹ́ kí n bímọ ná.