Bátìrì ìgbafẹ́ kọ́, àmù iná ni

Ẹ̀yin ará mi, okun o.

Láti ìgbà tí àbúrò wa tó wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì ti béèrè ohun tí à bá máa pe leisure battery lédè wa, lẹ́tà tó ti wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ ju ti ọ̀rọ̀ orúkọ oṣù lọ. Mo ka gbogbo wọn lálẹ́ àná ní Kabba níbí. Iná sólà ni mo fi kà wọ́n, torí iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: àbúrò yìí ra kárafáànì, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Páńẹ́lì sólà wà lórí òrùlé rẹ̀, bátìrì kan sì wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bátìrì yìí ló ń tan iná lálẹ́, òun ló ń fa omi wá sẹ́nu ẹ̀rọ, òun náà ló ń ṣáàjì fóònù. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìyàrá ní ká pè é ní bátìrì ìgbafẹ́. Ẹni mẹ́fà ti gbè é lẹ́yìn. Èmi ò gbè é.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó ni bátìrì ni orúkọ yẹn júwe, kò júwe bátìrì. Onílé ló ń gbafẹ́. Bátìrì ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ẹ tún wá ń bú u pé ó ń gbafẹ́! Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dé Amẹ́ríkà, bátìrì ilé ni ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa pe tirẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ru ẹrù orúkọ tí àwọn tó ni ín ò tíì gbé délé?

Mo ka “bátìrì ìgbafẹ́” sétí aládùúgbò mi tó jẹ́ rẹwáyà. Ó mi orí, ó ní, “Òótọ́ ni, ó yẹ kó gba afẹ́fẹ́.” Ó rò pé afẹ́fẹ́ la ń wí. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí bátìrì olómi máa ń tú gáàsì háídrójìn jáde bó bá ń gba iná, gáàsì yìí sì ń gbiná, ẹ ò gbọdọ̀ há a mọ́ ibi tí atẹ́gùn ò dé. Bí wọ́n bá fi orúkọ yẹn kọ́ni, ìtumọ̀ tí kò sẹ́ni tó pète ni yóò wúlò jù nínú rẹ̀.

Àbúrò wa ará Mopa ní tirẹ̀ dá bátìrì oòrùn lábàá. Ó dáa lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbogbo wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, láìsí àmì. Mo kọ “batiri oorun” ránṣẹ́ sí ọmọ mi obìnrin, ó bi mí pé ṣé èyí tó ń sùn ni àbí èyí tó ń rùn. Ọmọ náà ò ṣàṣìṣe púpọ̀: bátìrì olómi tí wọ́n fi iná kún ju bó ṣe yẹ lọ máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oòrùn ò mọ bátìrì. Bátìrì kan náà, ẹ lè fi jẹnẹrétọ̀ rọ ọ́, ẹ lè fi iná ìjọba rọ ọ́, àbúrò wa sì sọ pé bí ọkọ̀ òun bá ń fa kárafáànì lọ lójú títì, iná ọkọ̀ máa ń gba inú wáyà wá sínú rẹ̀. Ṣé lọ́jọ́ tó bá gba iná ọkọ̀, kò wá ní í ṣe bátìrì oòrùn mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sólà sílé, mo bi ẹni tó ń tajà fún mi léèrè bóyá bátìrì tó gbé lé mi lọ́wọ́ máa bá iṣẹ́ náà mu. Ó ní bátìrì ni bátìrì ń jẹ́. Mo gbé e relé. A ń tan iná, a ń fi fáànù sùn, inú wa dùn. Kí ọyẹ́ tó tún dé, kò lè gbé gílóòbù kan ṣoṣo di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́. Mo gbé e lọ bá rẹwáyà mi. Ó fi ẹnu wáyà mítà rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì náà, pupa síbí, dúdú sọ́hùn-ún: fóòtì 10.5, bẹ́ẹ̀ èyí tó kún máa ń tó 12.7. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbẹ. Bátìrì mọ́tò ni wọ́n tà fún yín, ẹ sì ń bù ú gbẹ lójoojúmọ́.”

Bù. Gbẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn, ẹnu iṣẹ́ ló ti jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó.

Ó fa bátìrì àlòkù kan tó ti là jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fi àwo òjé inú rẹ̀ hàn mí. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bíi páálí, wọ́n pọ̀ lórí ara wọn, ara wọn sì funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa wọ́n. Iṣẹ́ bátìrì mọ́tò ni pé kó tú iná jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kí ẹ́ńjìnnì fi jí. Kò tíì lò ju díẹ̀ lọ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ọkọ̀ fi ti dá a padà fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àwo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bátìrì inú kárafáànì, bíi ti ìńfátà, àwo tirẹ̀ nípọn, a máa fi iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, ó sì lè fara da kí wọ́n bù ú dé ìdajì, kí wọ́n tún un kún, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá bù ú kọjá ìdajì lójoojúmọ́, tàbí tí ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, funfun yẹn á le mọ́ àwo lára, kò sì ní lọ mọ́.

Ẹ wá rántí àmù, ìkòkò omi mímu. Igun ilé ló máa ń wà, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ìdérí pákó lórí rẹ̀, ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí ìdérí. Ẹnìkan kì í gbé àmù dà. Ife ife la fi ń bù ú. Bí omi rẹ̀ bá ti lọ sí ìdajì, ìyá mi ti ń pariwo orúkọ wa pé ká lọ pọn. Kò gbà kí ife kan ìdí àmù, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀. Gbogbo òfin tí rẹwáyà kà fún mi lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ti kà á fún wa nílé kí n tó mọ ohun tí sólà ń jẹ́. Bátìrì mọ́tò ni garawa tí a gbé da omi lu iná lójijì. Èkejì ni àmù.

Nítorí náà, àbá tèmi: àmù iná. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn, bátìrì àmù.

Ẹnìkan láti Ìbàdàn ti bi mí lẹ́yìn odi bóyá àmù wà lọ́dọ̀ wa. Kí ló fẹ́ kó má sí níbẹ̀? Láti 1991 tí wọ́n ti yọ wá lára Kwara fi sí Kogi ni àwọn kan ti rò pé omi tí à ń mu náà ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ẹ̀gbẹ̀ ní kò sọ́mọ tó mọ àmù mọ́, pé àgbá ni ká lò, torí àgbá oníke ló wà nílé gbogbo ènìyàn báyìí. Òótọ́ ni pé àgbá ló wà. Ṣùgbọ́n àgbá tún ni ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn. Bí ẹ bá kọ “àgbá iná” sára àpótí ní Kabba, ẹ ò ní rí oníbàárà kankan lágbègbè náà. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọ̀dọ̀ ìbọn ńlá gan-an ni orúkọ bátìrì ti wá. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí iná, ló lo ọ̀rọ̀ náà fún iná ní 1749, ó yá a lọ́dọ̀ àwọn ológun, tí wọ́n ń pe ìbọn ńlá tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Kí ló sì tò lẹ́sẹẹsẹ? Ìkòkò! Ìkòkò onídígí tí wọ́n ṣe ní ìlú Leiden ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sígbà náà, omi wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó iná pa mọ́ sí. Ẹni tó bá ní àmù iná jẹ́ àṣejù, kó lọ bá Franklin wí.

Bí ẹ bá gba àmù, ọ̀rọ̀-ìṣe á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Páńẹ́lì ń pọn iná. Àmù kún, àmù lọ sílẹ̀, àmù gbẹ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wí ṣáàjì mọ́; èmi fúnra mi ń wí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ fi “ìgbanására” àti “olùdarí ìgbanására” tí ẹnìkan kọ síbí ra kọntiróla lọ́jà, kí ẹ wá sọ ohun tí wọ́n fún yín. Kọntiróla ni kó máa jẹ́. Òun ló ń dúró láàárín páńẹ́lì àti àmù, tí kì í jẹ́ kó kún àkúnya lọ́sàn-án, tí kì í sì í jẹ́ kí iná àmù sá padà sínú páńẹ́lì lóru.

Ẹnìkan bèèrè ìdí tí páńẹ́lì tí wọ́n kọ 12 sí fi ń mú fóòtì 18 wá. Omi kì í ṣàn gòkè. Bátìrì tó kún, tó sinmi, wà ní 12.7, kí ó tó lè kún, ẹ ní láti fi nǹkan bíi 14.4 rọ ọ́, ẹni tó máa rọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti òkè wá. Ojú kéékèèké 36 ló wà lára irú páńẹ́lì bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bí ìdajì fóòtì wá. Wọ́n tò bí àwọn èèyàn tó ń na garawa síra wọn láti odò délé. Bí ewé kan bá bo ẹnìkan lójú, gbogbo ìlà ló máa lọ́ra. Kí àbúrò wa wo ibi tí ó ń gbé kárafáànì rẹ̀ sí lábẹ́ igi. Àwa tí ọyẹ́ ń da eruku lé lórí, kí a fi aṣọ tútù nù ún láàárọ̀.

Nípa bí àmù àbúrò wa ṣe tóbi tó, 110 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn áńpù 5.5 fún wákàtí 20. Bí ẹ bá fi fóòtì 12 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́ọ̀tì 1,320 fún wákàtí kan ni, ìdajì rẹ̀ tí ẹ lè bù láìsí ìbẹ̀rù jẹ́ 660. Páńẹ́lì oníwọ́ọ̀tì 100 ní Kabba, níbi tí oòrùn tó péye (gbogbo oòrùn ọjọ́ kan tí a kó jọ bí èyí tó mú jù) ti ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, á pọn ìyẹn padà láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kejìlá, oòrùn tó péye lórí páńẹ́lì tí wọ́n tẹ́ sórílẹ̀ pẹrẹsẹ kò tó wákàtí kan lójúmọ́. Ó máa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí kò bá tilẹ̀ tan gílóòbù kan. Kí ẹ má sì rò pé ooru wa ló ń ràn wá lọ́wọ́: ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń jẹ, ooru ń dín agbára rẹ̀ kù ni.

Ibì kan wà tí àmù ti ń kọsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n tó sọ ọ́. Bátìrì lítíọ́mù tó ti gbòde báyìí, ẹ lè bù ú ju ìdajì lọ dáadáa, dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kó má bàjẹ́. Àmù tí kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó máa gba méjèèjì mọ́ra, kó mú un wá.

Kárafáànì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilé àfọkọ̀fà tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo sọ orúkọ tuntun yìí fún rẹwáyà mi láàárọ̀ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ AMU INA gàdàgbà sára bátìrì ìńfátà kan tí oníbàárà fẹ́ wá gbé. Oníbàárà dé, ó kà á, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “A mú iná? Ta ló mú un?” Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀, rẹwáyà ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì náà, ó ń bi mí bóyá ọ̀tún ni àmì ohùn orí A ti ń wálẹ̀ àbí òsì.