Kí ló dé tí òjò tí sátẹ́láìtì kà kò fi bá ti inú òṣùwọ̀n wa mu ní Òṣogbo?

Olùkọ́ Òkè-Fìà:
Mo kí gbogbo ilé. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òṣogbo, aago méje òwúrọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka omi inú òṣùwọ̀n òjò, a sì ń fi í wé IMERG, ìṣirò òjò tí NASA ń ṣe láti ara ohun tí àwọn sátẹ́láìtì rí. Nínú oṣù Keje, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú, ààrá kò sì sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi inú òṣùwọ̀n lé ní 20 mìlímítà, ṣùgbọ́n ti IMERG kò tó 5. Nínú oṣù Karùn-ún ẹ̀wẹ̀, òjò oníjì kan rọ̀ lóru, IMERG sì kọ ọ́ sí ọjọ́ tí ìwé tiwa gbé òdo sí. Ṣé òṣùwọ̀n wa ló ní àléébù ni, àbí sátẹ́láìtì ló ń ṣì í kà?

Aṣèwádìí Ojú Ọjọ́:
Olùkọ́, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oṣù Keje. Sátẹ́láìtì kì í rí omi tó ń bọ́ sínú òṣùwọ̀n. Agbára ìgbì máíkírówéèfù tó ń gòkè láti ilẹ̀ àti láti inú àwọsánmà ni ó ń wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára GPM, sátẹ́láìtì tó ń wọn òjò káàkiri ayé, tí Amẹ́ríkà àti Japan jọ fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2014, ní ìkànnì 13, láti 10 GHz títí dé 183 GHz (GHz ni a fi ń wọn bí ìgbì ṣe ń yára mì tó). Lójú òkun, iṣẹ́ náà rọrùn díẹ̀, nítorí pé agbára tí omi òkun ń tú jáde kò pọ̀, ti ẹ̀kán òjò tó wà lókè rẹ̀ a sì hàn kedere. Ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ń tú agbára púpọ̀ jáde, èyí tó tún ń yí padà bí ewéko bá pọ̀ tàbí bí ilẹ̀ bá rin, tó fi jẹ́ pé wíwá ẹ̀kán òjò níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wá iná fìtílà lọ́sàn-án gangan.

Yìnyín tó wà lókè àwọsánmà ni ohun tó kù tí a lè gbára lé. Yìnyín a máa fọ́n agbára tó ń gòkè ká, pàápàá láti nǹkan bíi 89 GHz lọ sókè, bí agbára náà bá sì ṣe dínkù tó ni a fi ń ṣírò òjò tó ń rọ̀ nísàlẹ̀. Òjò oṣù Keje yín, tí atẹ́gùn olómi láti Òkun Àtìláńtíìkì gbé wá, lè ti inú àwọsánmà tí kò ga jáde, níbi tí àwọn ẹ̀kán omi ti ń kọlu ara wọn tí wọ́n sì ń tóbi láìsí yìnyín. Ààrá tí kò sán yẹn gan-an ni ẹ̀rí tí mo gbé e lé, nítorí pé ìkọlura yìnyín nínú àwọsánmà ló ń bí mànàmáná.

Ọmọ Ẹdẹ:
Ti oṣù Karùn-ún kò le: aago ni. Ọjọ́ IMERG ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé), èyí tí í ṣe aago kan òru lọ́dọ̀ wa, tiyín sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀. Òjò tó bá rọ̀ ní aago mẹ́ta òru ti bọ́ sí ọjọ́ tuntun ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti àná ló ṣì jẹ́ ní tiyín. Ẹ fi àpapọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gba ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ro 48 rẹ̀ pọ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ UTC dé aago mẹ́fà ọjọ́ kejì.

Olùkọ́ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé èyí tí wọ́n ń pè ní IMERG Final yóò wá tún ti oṣù Keje ṣe?

Aṣèwádìí Ojú Ọjọ́:
Díẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni Final máa ń jáde, nígbà tí wọ́n bá ti fi àpapọ̀ oṣù láti inú àwọn òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ tún un ṣe. Ó lè mú kí àpapọ̀ oṣù sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ọjọ́ tí òjò tó sọnù rọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nǹkan bíi kìlómítà 11 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àyè kọ̀ọ̀kan tí IMERG pín ilẹ̀ sí fẹ̀ tó, òṣùwọ̀n tiyín sì wà lójú kan. Àpapọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kí ẹ máa fi wéra. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ààrá sán tàbí kò sán, kí ẹ lè ya irú òjò méjèèjì sọ́tọ̀.