Ṣé oríire ni àbí ìmọ̀ọ́ṣe ló gbé àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà àkọ́kọ́ ga?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ń ka ìtàn àwọn tó kọ sọ́fítíwíà fún kọ̀ǹpútà kékeré ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1975 sí 1990, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan á ní ọpọlọ Bill Gates àti Paul Allen, àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, ló pé ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Àwọn mìíràn á ní orí ló gbé wọn dé ibẹ̀, pé ká ní Gary Kildall wà nílé lọ́jọ́ tí àwọn IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá nì, wá a lọ ní 1980 nítorí ètò tí yóò darí kọ̀ǹpútà kékeré tuntun wọn ni, òun ni ì bá di olówó tí gbogbo ayé mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Kildall kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. CP/M, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó kọ ní 1974 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré ń lò kí IBM tó dé. Òun ló sì ronú pé kí a ya apá tó kan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ètò náà, kí ìyókù lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oríṣiríṣi láìsí pé a ń tún un kọ. Bí ẹni tó ní irú òye bẹ́ẹ̀ bá pàdánù, kí ni ìmọ̀ọ́ṣe wá ń ṣe fún ènìyàn nínú òwò yìí?

Èsì kìíní

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìtàn Kildall ṣe, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ kò tọ́ sí i. Lóòótọ́ ló gbé bàálù kékeré rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn IBM dé sí Pacific Grove ní California, ṣùgbọ́n ìrìn àjò iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbafẹ́. Dorothy ìyàwó rẹ̀, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò ilé-iṣẹ́ wọn, Digital Research, ló gba àwọn àlejò náà, ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ sì kọ ọ́ lóminú, bí yóò ṣe kọ ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ kà á lóminú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó dé: IBM fẹ́ san owó kan lẹ́ẹ̀kan náà kí ó parí, nígbà tí Kildall ti mọ̀ ọ́n lára láti máa gba owó lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà.

Oríire Gates hàn gbangba níhìn-ín. Kò tilẹ̀ wá iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn IBM lọ rí Kildall. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú Kildall kò wọ̀ ni wọ́n padà sọ́dọ̀ Microsoft. Oríire kejì ni pé Tim Paterson, ní Seattle Computer Products, ti kọ ètò kan sílẹ̀ fún ṣíìpù 8086, tó bá irú ṣíìpù tí IBM yàn mu, nítorí pé CP/M ti ṣíìpù náà pẹ́ kó tó jáde, ilé-iṣẹ́ yìí sì wà ní ìtòsí Microsoft gan-an. Ní oṣù keje ọdún 1981, Microsoft san 50,000 dọ́là láti gba ètò náà, èyí tó di DOS, pátápátá, ó ku bí oṣù kan kí kọ̀ǹpútà IBM jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Gates fi oríire náà ṣe. Ó gba owó àpapọ̀ tí Kildall kò fẹ́, ó sì jẹ́ kí IBM máa ta ètò náà láìsan ohunkóhun lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ láti tà á fún àwọn ẹlòmíràn. Lọ́dún 1983, nígbà tí Compaq bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tó lè ṣe gbogbo ohun tí ti IBM ń ṣe, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ Microsoft ni gbogbo wọn ń wá. Iṣẹ́ ọpọlọ ni gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn nínú ìwé àdéhùn, àní bí kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ DOS nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ètò tí a fi ń ṣe ìṣirò nínú tábìlì.

Dan Bricklin àti Bob Frankston ló gbé VisiCalc jáde ní 1979 fún Apple II. Kò sí irú rẹ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà kékeré, àwọn oníṣòwò sì ń ra Apple II nítorí rẹ̀ nìkan. Wọn kò gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lé e lórí, nítorí pé lásìkò náà agbẹjọ́rò gbà wọ́n nímọ̀ràn pé ó ṣòro láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí sọ́fítíwíà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àti ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn tà á gbé ara wọn lọ sí kóòtù, ìjà yẹn sì gba agbára tí ó yẹ kí wọ́n fi tún ọjà wọn ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Mitch Kapor, tó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé ètò ìṣirò tirẹ̀, Lotus 1-2-3, jáde. Jonathan Sachs ló kọ ọ́ ní tààràtà fún kọ̀ǹpútà IBM, tó fi jẹ́ pé ó yára ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Nínú ètò òwò wọn, nǹkan bí mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fojú sọ́nà fún lọ́dún àkọ́kọ́. Mílíọ̀nù 53 ni wọ́n pa. Ìmọ̀ọ́ṣe Sachs ló jẹ́ kí Lotus borí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ọ́ṣe tó lè ṣàlàyé ìlọ́po 53 tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn kò rí tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù ni pé Microsoft wà nínú ìdíje yẹn, ó sì fìdí rẹmi. Multiplan ni orúkọ ètò tiwọn, 1982 ló jáde. Wọ́n kọ ọ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, èyí tó bọ́gbọ́n mu nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò gba gbogbo ọjà, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló sọ ọ́ di onílọ̀ọ́ra níwájú Lotus. Ilé-iṣẹ́ kan náà, àwọn ọlọ́pọlọ kan náà. Ṣùgbọ́n ìpàdánù náà kò pa wọ́n, nítorí pé owó DOS ń wọlé. Bákan náà ni Windows àkọ́kọ́ jáde ní 1985 tí ènìyàn kò kà á sí, èkejì jáde ní 1987, ìgbà tí ẹ̀kẹta dé ní 1990 ni ọjà tó gbà á. Ohun tí mo rò pé oríire ṣe fún wọn nìyẹn: ó fún wọn láyè láti ṣe àṣìṣe kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ashton-Tate, tó ń ta dBase, ètò tí a fi ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àbùkù kún inú dBase IV tó gbé jáde ní 1988, nígbà tó fi máa di 1991, Borland, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà mìíràn, ti ra ilé-iṣẹ́ náà.

Èsì kẹta

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìmọ̀ọ́ṣe díẹ̀. Nígbà tí ìròyìn kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Altair 8800 jáde ní oṣù kìíní ọdún 1975, Gates àti Allen kò ní ẹ̀rọ náà, wọn kò sì fojú rí i rí. Allen kọ ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ńlá Harvard ṣe bí ẹni pé òun ni ṣíìpù 8080 tó wà nínú Altair, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ BASIC, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fún ẹ̀rọ náà. Nínú bàálù tí Allen wọ̀ lọ sí Albuquerque, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Altair, ló ti rántí pé wọn kò kọ apá kékeré tí yóò gbé BASIC náà wọnú ẹ̀rọ, ó sì kọ ọ́ kí bàálù tó balẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láìní ẹ̀rọ lọ́wọ́ yóò mọ bí ó ti le tó. Lóòótọ́, ilé ẹ̀kọ́ Lakeside tí àwọn méjèèjì lọ ní ẹ̀rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti 1968, mélòó nínú àwọn ọmọdé ìgbà náà ló rí irú rẹ̀? Oríire ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà ní Lakeside.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ibì kan ṣì kù tí kò tíì yé mi. Gbólóhùn tí wọ́n ní Gates fi sínú ìwé àdéhùn yẹn, ṣé ó rí ọjọ́ iwájú ni, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́? IBM ló yàn láti fi èròjà tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kì í ṣe Gates.

Èsì kìíní

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn tèmi ni pé ó ti rí irú rẹ̀ rí. Altair gan-an ti ní aláfarawé láti 1975, nígbà tí IMSAI gbé tirẹ̀ jáde, nítorí náà kò ṣàjèjì sí Gates pé àwọn ènìyàn yóò ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ tó bá ń tà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Microsoft ti fún MITS tó ni Altair ní ẹ̀tọ́ ìyàsọ́tọ̀ lórí BASIC, tó fi jẹ́ pé MITS nìkan ló lè tà á fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ náà sì há wọn mọ́ra débi pé ọ̀dọ̀ onílàjà ni wọ́n ti rí i gbà padà ní 1977. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22 kò ní fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ IBM ló gbé e wá.