Kí ni wọ́n fi ṣe tendon àti ligament?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni àwa máa ń lò fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, a sì tún ń lò ó fún okùn funfun tí ó wà ní oríkèé. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún màmá mi ìdí tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn tí ó rọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò fi tíì san tán, ọ̀rọ̀ pọ́n mi lójú. Mo mọ̀ pé tendon ni ó so ẹran mọ́ egungun, àti pé ligament ni ó so egungun mọ́ egungun. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n?

Olùtọ́jú Oríkèé:
Ohun kan náà ni, bí a ṣe tò ó ni ó yàtọ̀. Omi ju ìdajì ìwọ̀n wọn lọ. Bí a bá sá wọn gbẹ, collagen, ìyẹn irú púrótéènì kan tí ó rí bí okùn, ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́nrán mẹ́ta ni ó lọ́ mọ́ra wọn di ẹyọ collagen kan. Ọ̀pọ̀ ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni ó para pọ̀ di okùn tín-ín-rín, okùn tín-ín-rín di ìdì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ìdì kọ̀ọ̀kan. Nínú tendon, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, nítorí pé ọ̀nà kan ni ẹran ń gbà fà á. Ti ligament máa ń dábùú ara wọn díẹ̀, nítorí pé oríkèé lè yí síbí, kí ó yí sọ́hùn-ún.

Ọmọ Alápatà:
Ẹ lè fi ojú ara yín rí i nínú ẹran màlúù. Iṣan funfun inú bọ̀kọ́tọ̀ le bí igi ní tútù, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lórí iná, yóò rọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi rẹ̀ yóò sì dì bí ó bá tutù. Collagen ni iná sọ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ọrùn màlúù, èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹ sè é di alẹ́, kò ní rọ̀. Ligament ni òun náà, àmọ́ elastin, ìyẹn púrótéènì mìíràn, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó máa ń nà bí rọ́bà, òun ni ó ń bá màlúù gbé orí sókè lẹ́yìn tí ó bá jẹ koríko tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí màmá mi máa jẹ bọ̀kọ́tọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè tètè san?

Olùtọ́jú Oríkèé:
Kò burú kí wọ́n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú yóò kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kúnná. Kì í lọ tààrà sí ọrùn ẹsẹ̀. Ọsàn àti ẹ̀fọ́ tútù ṣe pàtàkì, nítorí pé láìsí fítámìn C, ara kò lè hun collagen tí ó lágbára. Ohun tí ó ń fa ìdádúró ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé inú ligament kéré. Collagen tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára ni ara kọ́kọ́ fi ń di ojú ibi tí ó ya, yóò sì máa fi èyí tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja: bí wọ́n bá ń rọra na ẹsẹ̀ náà bí a ṣe kọ́ wọn, fífà díẹ̀díẹ̀ yẹn ni yóò máa to okùn tuntun náà sí ọ̀nà tí ó yẹ kí ó kọjú sí.