Ẹ ṣírò ìwọ̀n tí píkọ́ọ̀pù lè gbé kí ẹ tó so tírélà mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà ẹrù, ẹ má gbára lé 3,500 kílò tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ń pariwo pé ó lè fà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù. Ìwọ̀n tí ọkọ̀, èrò àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá wà níbẹ̀.

Ká ní 3,000 kílò ni, tí ọkọ̀ lófìfo jẹ́ 2,000. Ó ku 1,000. Èèyàn 5 tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 75 kílò ti gba 375. Tírélà tó jẹ́ 3,000 kílò gbọ́dọ̀ gbé ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ìdí ọkọ̀. Kéré tán, 300 nìyẹn. Ó ku 325: àpò sìmẹ́ǹtì 6 péré! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Ìwọ̀n àpapọ̀ tí ọkọ̀ àti tírélà kò gbọdọ̀ kọjá tún wà nínú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀. Bó bá jẹ́ 5,500, tí píkọ́ọ̀pù ti kún dé 3,000, 2,500 ló kù fún táyà tírélà. Tiwa yìí, 3,000 tí a yọ 300 tó wà lórí ọkọ̀ kúrò, ń tẹ 2,700 mọ́lẹ̀. Kò ṣe é fà nìyẹn.

Bí ẹrù bá pọ̀ jù níwájú tírélà, imú ọkọ̀ á gbé sókè, sítíárìn á fúyẹ́. Bó bá pọ̀ lẹ́yìn, tírélà á máa ju ìdí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí ló ń pa èèyàn. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ kí eré dínkù fúnra rẹ̀, ẹ di sítíárìn mú gbọin, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tàn yín pé sípíríǹgì àfikún yanjú ẹ̀. Ìdí ọkọ̀ á ga lóòótọ́, àmọ́ ásù (irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì pọ̀), bíréèkì àti táyà kò yí padà.

—

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi tírélà gbé omi: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti àwa tí à ń gbé omi ló kù. Lítà 1,000 jẹ́ 1,000 kílò láìka tánkì. Ẹ má gbé e ní ààbọ̀, omi á máa fì. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù kò sì gbọdọ̀ fa ju 750 kílò lọ bí tírélà kò bá ní bíréèkì tirẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ àgbàdo, ẹ kọ́kọ́ gbé táyà píkọ́ọ̀pù nìkan sórí ìwọ̀n pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn. Ẹ tú tírélà, ẹ tún un wọ̀n. Ohun tó fi dínkù ni tírélà ń gbé lé ìdí ọkọ̀.