Ẹnu ń yún mi sí nǹkan dídùn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ni kí n ṣe?

Àbíkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí ara lè fúyẹ́. Tíì aláìníṣúgà ni mo ń mu láàárọ̀, ọ̀sán mi kò ju kùkúḿbà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì lọ, ògì ni mo fi ń sùn. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi: puff-puff, chin-chin, mínírà tútù. Kí ló ń fà á? Ṣé lóòótọ́ ni pé oyin àti dàbínù kò lẹ́bi? Ògì ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mu ún láìfi ṣúgà sí i? Kì í gba ọ̀fun mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n mú ọkàn le.

Ìyá Alóúnjẹ:
Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ aago mẹ́rin yẹn, àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tíì kì í ṣe oúnjẹ, omi ló sì pọ̀ jù nínú kùkúḿbà. Ara tí ebi ń pa kì í béèrè ẹ̀fọ́, ohun tí yóò tètè di agbára ló ń béèrè, ìyẹn ṣúgà àti ìyẹ̀fun. Tún àárọ̀ àti ọ̀sán ṣe ná, kí o tó bá ẹnu rẹ jà.

Láàárọ̀, jẹ ẹyin sísè méjì (gíráàmù 12 èròjà amúaradàgbà nìyẹn) pẹ̀lú ègé búrẹ́dì kan tàbí iṣu díẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà sísè kọ́ọ̀pù kan, kí o fi ẹ̀fọ́ tàbí ẹja tì í. Kọ́ọ̀pù ẹ̀wà yẹn ní nǹkan bí gíráàmù 13 amúaradàgbà àti gíráàmù 11 fáíbà (fọ́nrán inú oúnjẹ tí ikùn kì í lè lọ̀), kò sì ju 200 kálórì lọ kí epo tó dé ibẹ̀. Epo gan-an ni kí o ṣọ́. Ṣíbí ìjẹun kan péré jẹ́ 120 kálórì. Àwọn mìíràn á da mẹ́rin sí ẹ̀wà ẹnì kan, wọ́n á wá máa ní ẹ̀wà ló ń mú àwọn sanra.

Láago mẹ́ta ààbọ̀, kí ẹnu tó yún, jẹ ẹ̀pà ìkúnwọ́ kékeré kan (gíráàmù 30, bí 170 kálórì) pẹ̀lú ọsàn kan tàbí ègé ìbẹ́pẹ. Dì í sínú ọ̀rá láti ilé, torí ẹni tó bá ń da ẹ̀pà láti inú ìgò kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọsàn ni mo wí o, n kò wí omi ọsàn. Kọ́ọ̀pù omi ọsàn kan ń gba ọsàn mẹ́ta sí mẹ́rin, fáíbà rẹ̀ á sì ti bá pàǹtí lọ.

Bọ̀dá Oníṣirò:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má tó ìdá 10 nínú 100 kálórì òòjọ́, àti pé bí kò bá tó ìdá 5, ó tún sàn sí i. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ìdá 10 yẹn jẹ́ gíráàmù 50, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 12. Ìdá 5 jẹ́ ṣíbí 6. Wá wo ara ike mínírà rẹ. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 fún mílílítà 100, ike 50cl kan ti gba gbogbo gíráàmù 50 òòjọ́ rẹ tán, a ò tíì kan puff-puff.

Oyin lẹ́bi. Àjọ yẹn ka oyin àti omi èso mọ́ ṣúgà tí mò ń sọ yìí, ṣíbí ìjẹun kan oyin sì ní nǹkan bí gíráàmù 17 ṣúgà. Dàbínù sàn díẹ̀ nítorí odindi èso ni, ó ní fáíbà, ṣùgbọ́n ṣúgà ló ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Yọ kóró inú dàbínù méjì tàbí mẹ́ta, fi ẹ̀pà rọ́pò kóró náà, kí o rọra jẹ ẹ́. Yọ́gọ́ọ̀tì inú ike àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ ìlera, ka ara wọn kí o tó sanwó.

Táyé:
Mínírà tí wọ́n kọ "zero" sí lára ńkọ́, bọ̀dá?

Bọ̀dá Oníṣirò:
Fún ẹni tó ń mu oníṣúgà lójoojúmọ́ tó fẹ́ jáwọ́, ó sàn. Àmọ́ ní 2023, àjọ yẹn kan náà ní kí a má gbára lé àwọn adùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà nínú irú mínírà bẹ́ẹ̀ láti fi dín ara kù (ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀). Ahọ́n tí kò sinmi adùn kò ní kọ́ bí a ṣe ń gba ohun tí kò dùn púpọ̀. Dín in kù díẹ̀díẹ̀: bí o bá ń fi ṣíbí mẹ́ta sí tíì, fi méjì ààbọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó bọ́ sí méjì. Ẹni tó bá já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òde àríyá Sátidé ni yóò ti gbà á padà, tòun tèlé.

Màmá Ẹlẹ́kọ:
Ṣé kò sí ẹni tó rántí agbáyun ni? Ọmọ mi, òun ló tọ́ sí ògì rẹ. Èso pupa kékeré ni, kóró kan ló wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní miraculin, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí ohun kíkan bá wá kàn án, adùn ni ahọ́n á gbọ́. Dókítà òyìnbó kan, Daniell, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1852 pé ẹ̀kọ kíkan àti ẹmu tó ti kan ni àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń fi í mu.

Po ògì tó kan dáadáa, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ju èso kan sẹ́nu, fi eyín bó ara rẹ̀ kúrò lára kóró, máa yí i ká ahọ́n fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí o tu kóró náà. Wá mu ògì rẹ. Adùn náà lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́nu.

Bí kò bá ṣiṣẹ́, wò ó bóyá ògì yẹn kò kan. Ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kò ní yí padà, tíì lásán náà kò ní dùn. Ooru tún máa ń pa á, nítorí náà ẹni tó bá sè é mọ́ ògì lórí iná ti fi ṣòfò. Èso tó ti pẹ́ náà kò wúlò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a já a, ó ti ń bàjẹ́. Kí o sì fi móínmóín ti ògì náà o, torí òun nìkan kò lè gbé ọ di òwúrọ̀.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kó má tìtorí pé ọsàn wẹ́wẹ́ ti dùn lẹ́nu kó máa mu omi rẹ̀. Ahọ́n nìkan la tàn, ikùn àti eyín ṣì mọ̀ pé kíkan ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdúnnú:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, màmá. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, pàápàá insulin tàbí glibenclamide. Bí ẹnu bá ṣàdédé ń yún ọ sí ṣúgà, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ́, tí àyà sì ń lù, kì í ṣe wọ̀bìà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló lè ti wálẹ̀ jù, pàápàá bí o bá dín oúnjẹ kù tí dókítà kò dín oògùn kù. Wọ̀n ọ́n. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL (3.9 mmol/L lára ẹ̀rọ mìíràn), mu gíráàmù 15 ṣúgà kíá: ṣíbí tíì mẹ́rin tí a pò mọ́ omi, tàbí mínírà oníṣúgà mílílítà 150. Tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì gòkè, tún un mu. Bó bá ti gòkè, jẹun gidi. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, má dúró dè é, mu ṣúgà náà. Mínírà "zero" kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, agbáyun náà kò lè ṣe é. Bí ẹnì kan bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àbíkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an o, gbogbo yín. Màmá, bí mo bá rí agbáyun tó pọ̀ rà, ṣé ó ṣeé tọ́jú?

Màmá Ẹlẹ́kọ:
Ó ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ tí o rà á gan-an ni kí o fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ, kí o tẹ́ ẹ sórí àwo nínú fírísà kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Bó bá ti dì, kó o sínú ọ̀rá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o máa mú, èyí tó bá ti yọ́, má dá a padà. Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, má rà ju èyí tí o máa lò lọ́jọ́ méjì lọ.